Òfìfo tàbí Template: Iṣẹ́ Méjì Lójú Ọ̀nà Òkukù

Ìkìrun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù kì í ṣe ti Ìkìrun. Ọ̀kan jẹ́ ti iléèwé kan ní Òkukù, èkejì ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìnísà. Ti iléèwé, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ láti ìlà àkọ́kọ́. Ti ẹgbẹ́, template ni mo gbé: wẹ́búsáìtì tí ẹlòmíràn ti mọ ògiri rẹ̀, tó ti kan òrùlé rẹ̀, tó ku kí n kó ẹrù wọlé.

Fáìlì mẹ́ta péré ni ti Òkukù. N kò dáńlóòdù ohunkóhun. Nígbà tí iná lọ tí láàpútọ́ọ̀pù sì kú, orí fóònù ni mo ti parí ojú-ewé ìgbàwọlé. Mo gbé e sórí GitHub Pages, ibẹ̀ ló wà di òní, ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ lé e. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi bá méńù jìjàkadì. Lójú kọ̀ǹpútà ó tò lẹ́sẹẹsẹ; lójú fóònù ọ̀gá iléèwé, àwọn bọ́tìnnì ń gun ara wọn bí èrò tó ń du ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Template ti yanjú irú ìyẹn tipẹ́tipẹ́.

Ti Ìnísà kò ṣeé fọwọ́ kọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ ní láti fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé kó tó rí iye tó ti dá àti gbèsè tó kù lọ́rùn rẹ̀. Èmi wo ni n ó fi ọwọ́ ara mi kan ilẹ̀kùn tí owó olówó wà lẹ́yìn rẹ̀? Mo mú template Next.js àti Supabase, èyí tí ìwọlé ti wà nínú rẹ̀. Àṣẹ kan ṣoṣo ni mo tẹ̀, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹrù. Àpò tí wọ́n ń pè ní node_modules kún, ó ń lọ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún MB. Dátà tí mo rà tán kó tó dé ìdajì, mo tún lọ ra òmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tó parí, ilẹ̀kùn ti wà, kọ́kọ́rọ́ ti wà.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ fi yin template. Nínú iṣẹ́ kan tí mo fọwọ́ kọ ṣáájú, mo ti ọ̀rọ̀ aṣínà dátábéèsì sórí GitHub níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Template yìí ti kọ .env, fáìlì tí irú àṣírí bẹ́ẹ̀ ń gbé, sínú .gitignore, àkójọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ jáde, kí n tó rántí.

Bàbá Akọ̀wé ju líǹkì sínú WhatsApp ẹgbẹ́ lọ́jọ́ tí mo ní ó ti parí. Ohun tó yọ lábẹ́ rẹ̀ ni "Next.js and Supabase Starter Kit". Wọ́n pè mí: "Ọmọ mi, ta ló ń jẹ́ Starter Kit nínú ẹgbẹ́ wa?" Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, mo gbàgbé láti yí orúkọ." Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí rán mi létí oríkì. Ní Òkukù náà ni onímọ̀ Karin Barber ti kọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ilé, tó fi kọ ìwé I Could Speak Until Tomorrow lọ́dún 1991. Obìnrin tó ń kì ń bu ti orílẹ̀ yìí mọ́ ti baba yẹn, kò sẹ́ni tó ń pè é lólè. Ṣùgbọ́n kó fi baba onílé kejì kì mí, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Mo padà tú ilé template náà wò. Àmì èdè Gẹ̀ẹ́sì, lang="en", ló wà lórí rẹ̀, mo sọ ọ́ di "yo", ti Yorùbá. Fóńtì rẹ̀, ìpín "latin" nìkan ni wọ́n ní kó gbé. Google Fonts ń gé fóńtì sí ìpín-ìpín: ṣ wà nínú latin-ext, ẹ àti ọ sì wà nínú èyí tí wọ́n pè ní vietnamese! Fóńtì tí kò bá ní ìpín náà, fóònù á lọ yá lẹ́tà níbòmíràn. Ìdí nìyẹn tí "Odò Ọ̀tìn", orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wọn, fi dà bí ìgbà tí èèyàn méjì kọ ọ́. Mo fi fóńtì Inter, tó ní àwọn ìpín náà, rọ́pò rẹ̀.

Èmi á ṣì gbé template bí ìwọlé àti owó bá wà níbẹ̀. Fún iléèwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó kàn fẹ́ kí wọ́n rí òun, fáìlì mẹ́ta tó. Ilé àyágbé máa ń ní onílé: Create React App, ilé àyágbé kan tó jáde lọ́dún 2016 tí ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ṣẹ́, oṣù kejì ọdún 2025 ni àwọn tó ni ín kéde pé àwọn ti fẹ̀yìn rẹ̀ tì. Fáìlì mẹ́ta ti Òkukù kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Bàbá Akọ̀wé tún ju líǹkì náà. Orúkọ ẹgbẹ́ yọ, pẹ̀lú Ìnísà àti Ọ̀ṣun, àmì gbogbo pé. Wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n akápò ńkọ́? Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni màmá ń lò. Mo tẹ àkáǹtì wọn sórí ìwé níbí, mo fi rán ọkọ̀ Ìnísà.