Ọparun Kò Gbọdọ̀ Parun

Ní ọdún 2009, níbi àpérò àgbáyé lórí ọparun tó wáyé ní ìlú Bangkok, ní orílẹ̀-èdè Thailand, wọ́n ya ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Ọparun Lágbàáyé. Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín pé kí ló wà lára ọparun tí a ó fi máa bá a ṣọdún. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, ọparun kì í ṣe igi. Koríko ni, ìbátan ìrèké àti àgbàdo; bí ẹ bá wo oríkèé ara wọn, ẹ ó rí i pé wọ́n jọra. Abẹ́ ilẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni ìdí rẹ̀ ti ń ta èhù tuntun sókè lásìkò òjò. Bí èhù náà bá ṣe fẹ̀ tó nígbà tó yọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò fẹ̀ mọ títí ayé rẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, ó ti ga dé ibi tí yóò ga dé. Ṣùgbọ́n gíga kọ́ ni gbígbó o! Ó tó ọdún 3 sí 5 kí ara rẹ̀ tó le dáadáa.

Iṣẹ́ tí à ń fi í ṣe kò lóǹkà. Òun ni àgbẹ̀ fi ń ṣe ọ̀pá iṣu. Òun la fi ń ṣe àkàbà, ọgbà àti àtíbàbà. Bíríkìlà tó ń da dẹ́kìn, ọparun ló fi ń gbé pákó ró títí kọnkéré yóò fi gbẹ. Bí ó bá sì wà létí odò, gbòǹgbò rẹ̀ a di erùpẹ̀ mú, kí àgbàrá má baà gbé e lọ.

Ní àdúgbò wa, ẹnìkan ra ilẹ̀ létí odò, ó ní kí katapílà hú ọparun ibẹ̀ tìdí-tìdí, kí ilẹ̀ òun lè gbòòrò. Òjò ọdún kejì ni etí odò ya lulẹ̀. Ilẹ̀ tó fẹ́ kó gbòòrò, odò ló jẹ ẹ́.

Àbí kò sí bí a ṣe lè jẹ nínú rẹ̀ láì pa á? Ó wà. Èyí tó gbó ni kí a gé, kí a fi àwọn ọ̀dọ́ tí èèpo ṣì wà lára wọn sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ló dára kí a gé e, nígbà tí èhù kò yọ. Kí a gé e lókè oríkèé gan-an nítòsí ilẹ̀, kí omi má baà dúró sínú kùkùté rẹ̀ kó sì jẹrà. Èròjà bíi sítáàṣì tó wà lára rẹ̀ ni kòkòrò ń wá wọ̀ ọ́. Nítorí náà, kí a rì í sínú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a tó sá a lábẹ́ ìbòòji.

Àwa babaláwo tí a ń wọ igbó já ewé mọ̀ pé ẹni tó bá hú gbòǹgbò lónìí kò ní rí ewé já lọ́la. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọparun létí odò, ẹ máa gé e, ẹ má hú u.