Dídán Kí Fínfín Tó Dé: Bí Ọnà Ṣe Ń Yọ Lára Kọ́bọ́ọ̀dù Igi

Kọ́bọ́ọ̀dù tí káfíńtà fi ọwọ́ kàn, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí tí ó sì ń padé láìfi ara gbo férémù, ti di ohun tí ènìyàn lè kó aṣọ tàbí àwo sí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí lójú ẹni tó bá fẹ́ kí ọnà wà lára rẹ̀. Ọnà tí à ń wí ni àwọn ìlà, àwọn onígun mẹ́ta, àwọn okùn tó lọ́ mọ́ra àti àwòrán ènìyàn tàbí ẹranko tí wọ́n ń gbẹ́ sí pátákó ilẹ̀kùn, sí etí férémù àti sí ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Bí etí ọnà náà bá ṣe mú tó, tí inú rẹ̀ sì mọ́ tó, ni a fi ń dá ọwọ́ àgbà ọ̀jẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọṣẹ́, èyí sì dá lórí iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àti èyí tí wọ́n fi ṣe ìkẹyìn.

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá ti ní ètò tó ṣe kedere fún èyí kí kọ́bọ́ọ̀dù tó dé ilẹ̀ wa. Kevin Carroll, ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà tó ṣe àbójútó ilé iṣẹ́ ọnà Ọyẹ́-Èkìtì láti 1947, kọ ètò náà sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1967. Ọnà lílé ló ṣáájú, ìyẹn fífi irin gé igi títí tí ìrísí rẹ̀ lápapọ̀ yóò fi hàn. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e, níbi tí wọ́n ti ń pín ìrísí ńlá náà sí wẹ́wẹ́ bí ojú, etí àti ìka ọwọ́. Dídán ni ìkẹta, èyí tí wọ́n fi ń mú ara igi jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fínfín, níbi tí ẹnu ọ̀bẹ ti ń fa irun orí, ilà ojú àti bátànì aṣọ. Irú ìmọ̀ yìí ni Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ́ lọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà Bándélé ní Ọyẹ́-Èkìtì, kí òun náà tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀.

Ìdí wà tí dídán fi ṣáájú fínfín. Ọ̀bẹ tó mú máa ń fi etí tó mú sílẹ̀ níbi tó bá kọjá, etí náà ni ìmọ́lẹ̀ sì ń kọlù tí ìhà kan fi ń tàn, tí ìhà kejì fi ń ṣókùnkùn, tí olùwò fi ń rí ìlà náà láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Bí wọ́n bá wá fi sáńpépà gba orí rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fín in tán, bí ọ̀pọ̀ káfíńtà òde òní ti ń ṣe, etí náà á kú, ọnà á sì dà bí ojú kọ́bọ̀ àtijọ́ tó ti yí ọjà ká títí tí àwòrán orí rẹ̀ fi pa rẹ́. Kódà, lílo sáńpépà ṣáájú ọ̀bẹ náà ní ewu tirẹ̀, nítorí pé yanrìn ojú rẹ̀ máa ń há sínú ihò wẹ́wẹ́ ara igi, á sì pa ẹnu ọ̀bẹ nígbà tó bá kàn án. Ìfági tí wọ́n pọ́n dáadáa ló dára jù láti fi dán pátákó tí ọnà yóò wọ̀.

Àpẹẹrẹ tó rọrùn láti fi ṣàlàyé fínfín ni ọ̀já onígun mẹ́ta, ìyẹn ọ̀wọ́ àwọn onígun mẹ́ta kéékèèké tó máa ń yí etí pátákó ilẹ̀kùn ká. Orí ìwọ̀n ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: pẹ́ńsù àti rúlà ni wọ́n fi ń pín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti àárín lọ sí igun méjèèjì, kí onígun mẹ́ta tó kẹ́yìn má baà di ààbọ̀ nígbà tó bá dé igun, nítorí pé igun ni àṣìṣe ti tètè ń hàn. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 42, tí onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ní mìlímítà 12, yóò gba 35 gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 43, ẹni tó mọṣẹ́ kò ní fi àlàfo mìlímítà 10 sílẹ̀ ní igun kan, ńṣe ni yóò fẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀, díẹ̀ tí kò tó ìdá mẹ́ta mìlímítà kan, tí ojú kankan kò sì lè rí. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀bẹ tó wọ igi. Gígé àkọ́kọ́ á lọ tààrà sísàlẹ̀ lórí ìlà, gígé kejì á dagun wá láti ẹ̀gbẹ́, bí méjèèjì bá sì pàdé ní ìsàlẹ̀, èérún igi á fò jáde fúnra rẹ̀, inú ọnà á sì mọ́. Bí wọn kò bá pàdé, ọmọṣẹ́ á máa fi imú ọ̀bẹ tú fọ́nrán tó kù, ibẹ̀ sì ni igi ti ń gba ọgbẹ́. Jíjìn mìlímítà 3 tó fún irú ọnà yìí, nítorí pé èyí tó bá jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ lára ohun èlò tí wọ́n ń nù lójoojúmọ́ yóò máa gba eruku. Kí wọ́n tó gbà pé ó parí, wọ́n á mú kí yàrá ṣókùnkùn, wọ́n á gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ pátákó náà nísàlẹ̀, kí òjìji lè tú àṣírí ibi tó jìn ju èkejì lọ.

Igi tí wọ́n bá lò ló ń sọ bí ọnà ṣe lè wẹ́ tó. Ọmọ, tí àwọn onílù mọ̀ dáadáa, fúyẹ́, ó sì gba ọ̀bẹ. Ìrókò le jù ú lọ, ikán kì í sì tètè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n fọ́nrán inú rẹ̀ máa ń lọ́ mọ́ra, tí apá kan á kọrí síbìkan, tí apá kejì á kọrí síbòmíràn, débi pé gígé tó ń lọ geere lè fa igi ya lójijì, àfi kí oníṣẹ́ yí ọ̀bẹ padà kí ó gba òdìkejì wá. Nígbà mìíràn òkúta gidi máa ń wà nínú ìrókò, èyí tí èròjà kálísíọ̀mù dì pọ̀ di, tó sì lè ká ẹnu ṣísẹ́ẹ̀lì. Yàtọ̀ sí èyí, pátákó máa ń wú lásìkò òjò, á sì sún kì lásìkò ọyẹ́, ní ìbú ju ní òòró lọ. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ pátákó àárín ilẹ̀kùn mọ́ férémù, tí wọ́n fi ń jẹ́ kí etí rẹ̀ jókòó lásán sínú kòtò gbọọrọ tí wọ́n gé sínú férémù náà. Ọ̀já ọnà tó bá sún mọ́ férémù jù yóò máa wọ abẹ́ rẹ̀ lásìkò òjò, yóò sì tún jáde lásìkò ọyẹ́. 

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ máa ń jiyàn lé lórí ni bí ọnà ṣe yẹ kó pọ̀ tó. Gbẹ́nàgbẹ́nà Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní 1938, fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi àyè sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín nǹkan bí 1910 sí 1914. Ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá Wembley ní 1924, ó sì di ti British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ojú kì í dàrú níbẹ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ yọ síta gan-an, tí ọnà wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn wọn sì fà sẹ́yìn. Pátákó kọ́bọ́ọ̀dù, tí kì í sábà nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kún un ní àkúnya nínú jíjìn mìlímítà 3 kàn ń da ojú rú ni. Ọ̀já kan yí etí ká, àwòrán kan ní àárín, kí ìyókù sì wà bí igi ṣe wà, ó tó.

Fánísì ló kẹ́yìn, òun náà sì lè ba iṣẹ́ jẹ́. Èyí tó bá nípọn á dágún sínú ọnà, á sì bo etí rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n fi í tínrín-tínrín, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ fa èyí tó bá kóra jọ sínú ìlà jáde kí ó tó le. Bí wọ́n bá fẹ́ fi sáńpépà nọ́mbà 240 gba orí rẹ̀ kí wọ́n tó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n wé e mọ́ igi pẹlẹbẹ, kí ó lè kan orí pẹrẹsẹ nìkan láìwọ inú ọnà.

Ẹni tó bá ń fi owó rẹ̀ kan irú kọ́bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, kí ó bẹ káfíńtà pé kí òun rí ilẹ̀kùn náà kí fánísì tó dé e, kí ó wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó sì fi èékánná tọ́ ojú ọnà. Bí etí rẹ̀ bá mú èékánná dúró, iṣẹ́ náà tó owó tí wọ́n pè é.