Ọ̀ṣọ́ Ara Ocelot Ni Ó Di Ewu Fún Un

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí kò bá kúrò nílẹ̀ Yorùbá kò lè pàdé ocelot nínú igbó, nítorí láti gúúsù Texas títí dé àríwá Argentina ni ibùgbé rẹ̀. Ẹranko yìí jọ ológbò ilé, ṣùgbọ́n ó tóbi tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Òru ni ó sábà máa ń ṣọdẹ eku, ẹyẹ àti alángbá. Ara rẹ̀ kún fún àmì dúdú bí ti ẹkùn, kò sì sí méjì tí àmì wọn bára mu.

Lẹ́nu àwọn Aztec ti Mẹ́síkò ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Jaguar, ẹkùn ńlá ilẹ̀ wọn, ni wọ́n ń pè ní ocelotl. Àwọn ará Yúróòpù ni ó sọ orúkọ ẹ̀gbọ́n di ti àbúrò. Láàárín àwọn Aztec, jagunjagun tí ó ti mú ọ̀tá láàyè lójú ogun ni ẹ̀wù ogun alámì jaguar tọ́ sí. Owó nìkan kò lè sọ ènìyàn di ẹni tí í wọ̀ ọ́.

Èyí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Láyé àtijọ́, ọdẹ tí ó bá pa ẹkùn kì í dá awọ rẹ̀ mú. Ààfin ọba ni ó ń gbé e lọ. Àṣà méjèèjì mọ ibi tí ó yẹ kí ọwọ́ dúró.

Ọjà ni kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹ̀wù onírun di fáàrí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni tí owó rẹ̀ bá ká a ni ó lè rà á. Ní ọdún 1969 nìkan, awọ ocelot tí ó wọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lé ní 100,000. Brazil ti fi òfin de ọdẹ ṣíṣe fún òwò láti ọdún 1967, ṣùgbọ́n àwọn tí ń rà kò dẹ́kun. Ní ọdún 1973, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí àdéhùn ní Washington láti kápá irú òwò bẹ́ẹ̀. Òfin ni ó wá ṣe iṣẹ́ tí àṣà ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ocelot ṣì pọ̀ nínú igbó Amasónì. Ní Texas, èyí tí ó kù kò tó 100, nítorí a ti sọ igbó ẹlẹ́gùn-ún tí ó ń sá pamọ́ sí di oko, ọkọ̀ sì ń pa á lójú títì.

Ẹkùn pàápàá ti di ọ̀wọ́n nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé gbọ́ oríkì rẹ̀, wọn kò rí i rí. Ẹ̀yin àgbà àti olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ wọn ní oríkì náà, ẹ kọ́ wọn ní ààlà tí àṣà fi sí awọ rẹ̀ pẹ̀lú.