Ìlàrí, Àárò àti Ọ̀tẹ̀ Líṣàbí

Orúkọ Abúlé Ẹ̀gbá, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, ń tọ́ka sí àwọn ènìyàn tí wọ́n ti sin Ọ̀yọ́ rí, kí wọ́n tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Ní nǹkan bí 1775 sí 1780, láyé Aláàfin Abíọ́dún, wọ́n ṣọ̀tẹ̀. A sábà máa ń ka ọ̀tẹ̀ yìí sí ọ̀ràn ìṣákọ́lẹ̀ lásán. Èrò wa ni pé ẹ̀sìn wà nínú rẹ̀.

Ìlàrí ni Aláàfin fi ń ṣọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá. Ìlàrí kì í ṣe agbowó-òde lásán: a ó fá apá kan orí rẹ̀, a ó sín gbẹ́rẹ́ sí i, a ó sì sọ ọ́ ní orúkọ tó ń gbé àṣẹ ọba, bí i Mádàríkàn. Aláàfin tó rán an jókòó lórí ìtẹ́ Ṣàngó. Nítorí náà, ẹni tó pa ìlàrí kò kọ owó-òde nìkan. Ó fọwọ́ kan orí tí a yà sọ́tọ̀.

Ìlú kan ṣoṣo kò lè dá irú rẹ̀ ṣe. Àárò ni Líṣàbí fi kó àwọn ọ̀dọ́ jọ: iṣẹ́ oko ni ojú ń rí, ètò ogun ló wà nísàlẹ̀. Samuel Johnson kọ ọ́ pé ìlàrí tó lé ní 600 ni wọ́n pa. Ogun tí Ọ̀yọ́ rán láti gbẹ̀san kò sì borí.

Ohun tó tẹ̀lé e ló fìdí èrò wa múlẹ̀ jù. Ẹ̀gbá kò jẹ́ kí ipò mímọ́ náà ṣófo: wọ́n sọ Líṣàbí di ẹni à ń bọ, ọmọ Líṣàbí ni a sì ń pè wọ́n dòní.