Owó Ìmọ̀ràn Lọ́dọ̀ Àwọn Oníwíìgì

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tí ń ṣe wíìgì ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó lónìí. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ wíìgì tí kò ní máa yẹ̀ lórí bí fìlà àyálò, àfi kí ó gbé orí ara rẹ̀ wá, kí oníṣẹ́ ó wọ̀n ọ́n yíká, kí ó wọ̀n ọ́n láti iwájú dé ìpàkọ́, àti láti etí kan dé èkejì. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ yóò tó bẹ̀rẹ̀: irú irun, gígùn rẹ̀, àwọ̀ tí ó bá awọ ara mu, àti iye tí ó wà lọ́wọ́. Wákàtí kan lè kọjá. Ta ni yóò san owó wákàtí náà?

Nínú ọ̀pọ̀ ìsọ̀, ẹnikẹ́ni kì í san án. Oníbàárà yóò dìde, yóò ní, "Àǹtí, ẹ máa retí mi," yóò sì mú ìwọ̀n orí rẹ̀ tí a kọ sínú ìwé lọ sí Èkó, kí ẹlòmíràn bá a ṣe é.

Nígbà ayé àwọn ìyá wa, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ẹni tí ó fẹ́ dirun yóò jókòó síwájú onídìrí, yóò dárúkọ ṣùkú tàbí kòlẹ́sẹ̀ tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, gbogbo ènìyàn sì mọ iye rẹ̀. Inú iṣẹ́ ọwọ́ náà ni ìmọ̀ràn wà. Ọ̀gbẹ́ni J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ ya àwòrán irú irun bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1968. Ẹni tí ó bá wo àwọn àwòrán náà yóò gbà pé ọlọ́gbọ́n ni àwọn tí ó di irun wọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n òwò àgbáyé ni ti wíìgì. Ní ọdún 1965 ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de irun tí ó ti Ṣáínà wá nítorí ọ̀tá òṣèlú tí ó wà láàárín wọn, ni àwọn ará Kòríà Gúúsù bá rí ọ̀nà, wọ́n sì fi wíìgì rí owó rẹpẹtẹ. Lónìí ìlú Xuchang ní Ṣáínà ni ó gba iwájú. Apá kan nínú irun ènìyàn tí a sì ń tà káàkiri ayé, orí àwọn olùjọsìn tí wọ́n fárí ní tẹ́ńpìlì bíi ti Tirumala ní Íńdíà ni ó ti wá. (Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní irun Brazil, ẹ má bínú sí wa.) Irun tí a fi dọ́là rà kò mọ àánú. Náírà tí ó wà ní bíi 460 sí dọ́là kan kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó wọlé ti kọjá 1,500 ní oṣù kejì ọdún 2024. Wíìgì tí ó bá fún orí jù, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá ojú mu, gbèsè ni. Ìmọ̀ràn tí kò jẹ́ kí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ wáyé ní iye tirẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ kò nílò àlàyé púpọ̀ níhìn-ín. Ẹni tí ń lọ sí ilé olówó láti kọ́ ọmọ kan ṣoṣo ní lẹ́sìnnì kì í gba iye kan náà lórí ọmọ pẹ̀lú ẹni tí ó kó ogún ọmọ jọ ní ìrọ̀lẹ́. Ilé ìwòsàn ń gba owó káàdì kí dókítà ó tó fọwọ́ kan aláìsàn. Babaláwo kì í dá Ifá láìjẹ́ pé a gbé owó kalẹ̀. Kí ló dé tí ó fi di ọ̀kánjúwà nígbà tí oníwíìgì bá ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Kí a sọ pé oníṣẹ́ kan ka wákàtí rẹ̀ sí ₦4,000. Bí oníbàárà kan bá wá, ìṣẹ́jú 45 yóò lọ sí ọ̀rọ̀ sísọ àti àfihàn irun, ìṣẹ́jú 15 yóò lọ sí wíwọn orí: ₦4,000 pé. Nísinsìnyí, kí ìyàwó tuntun kan kó ọ̀rẹ́ márùn-ún lẹ́yìn, kí wọ́n di mẹ́fà. Àwọn oníṣẹ́ kan yóò sọ ọ́ di ₦24,000. Oníbàárà yóò sá. Àwọn mìíràn, nítorí ojú àánú, yóò gba ₦4,000 lórí gbogbo wọn. Oníṣẹ́ yóò sunkún. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó sọ̀rọ̀ fún àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìṣẹ́jú 45 náà ni; orí mẹ́fà ni a ó wọ̀n, ìyẹn ìṣẹ́jú 90. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦9,000. Bí wọ́n bá pín in, ₦1,500 ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, tàbí ti Adéyẹmí ní Oǹdó, tí apá rẹ̀ kò ká ₦4,000, lè wá ẹlẹgbẹ́ márùn-ún.

Ṣùgbọ́n orí wà tí kò yẹ kí a ṣí láàárín agbo. Obìnrin wà tí irun dídì tí ó le koko láti kékeré ti fa iwájú orí rẹ̀ tu. Òmíràn wà tí oògùn jẹjẹrẹ ti gba irun rẹ̀ tán. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò wá ṣe fáàrí. Ojú tí yóò fi jáde ní ilé ni ó ń wá. Bí iye ẹni kan bá ju agbára rẹ̀ lọ, yóò bá agbo wọlé, yóò sì jókòó ti gèlè rẹ̀ láìtú u títí wọn yóò fi túká. Ní tiwa, iye ti agbo ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ san, kí a sì gbà á wọlé ní òun nìkan. Bí orí rẹ̀ bá sì ń pá lójijì láìsí ìdí, kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ rán an lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyẹn náà ìmọ̀ràn ni.

Àwọn kan ń yọ owó ìmọ̀ràn kúrò nínú owó wíìgì bí oníbàárà bá rà á. Kò burú, bí ó bá jẹ́ òtítọ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ bu ₦4,000 lé wíìgì kí ó tó wá yọ ₦4,000 kúrò, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ó fi ń gba ohun tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fúnni.

Òfin Ìjọba Àpapọ̀ lórí ìdíje ọjà àti ìdáàbòbò oníbàárà, ti ọdún 2018, pa á láṣẹ ní ìpín 115 pé kí a fi iye ọjà àti iṣẹ́ han oníbàárà, kí a má sì gbà ju iye tí a fi hàn lọ. Pátákó kékeré lẹ́nu ìsọ̀ tó: iye ti ẹnì kan, iye ti agbo, ní èdè tí gbogbo wa lè kà. Sísọ owó ìmọ̀ràn lẹ́yìn tí a ti wọn orí tán, ìdẹkùn ni. Òfin yìí kan náà lòdì sí kí àwọn oníṣòwò ó parapọ̀ de iye owó, nítorí náà kí ẹgbẹ́ oníwíìgì kankan má ṣe fi iye kan ṣoṣo lé gbogbo ènìyàn lórí. Ní Oǹdó, níbi tí ọ̀rọ̀ ọjà ti wà lọ́wọ́ Ọba Lọ́bùn láti ayébáyé, àwọn obìnrin kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ti ń yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ó ku ti ẹni tí kò wá. Nínú mẹ́fà tí ó ṣe àdéhùn, mẹ́rin péré lè dé. Kí olórí agbo san ₦9,000 kí ọjọ́ náà ó tó pé. Bí ẹni méjì kò bá wá, kí a dá ₦2,000 ti wíwọn orí méjì padà fún un, kí ₦7,000 ó kù. Owó ọ̀rọ̀ sísọ kò yí padà, nítorí ẹnu oníṣẹ́ kò sinmi ní ọjọ́ náà.