Ìdajì ọjọ́ ní ṣọ́ọ̀bù: Ohun tí àgbà oníṣòwò lè fi ìyókù àkókò rẹ̀ ṣe

Òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ghana mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò tán. Abala 199 nínú òfin orílẹ̀-èdè náà ti ọdún 1992 ní kí ó fẹ̀yìn tì lẹ́ni 60 ọdún. Bí wọ́n bá ṣì nílò rẹ̀, wọ́n lè gbà á padà fún ìgbà díẹ̀, tí kò ju ọdún méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, tí àpapọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì sí ìyá aláṣọ ní Cow Lane? Orúnkún ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún un, tàbí ojú tí kò rí nọ́ńbà ara owó dáadáa mọ́, tàbí ọmọ tó ń pè láti òkè òkun pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Mọ́mì, ẹ má lọ sọ́jà mọ́, ẹ jókòó sílé."

Lójú tèmi, ìmọ̀ràn ọmọ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ló mú un wá, ló léwu jù nínú gbogbo ohun tí a lè sọ fún àgbà tó ti fi ogójì ọdún tajà. Kí ó dín iṣẹ́ kù, bẹ́ẹ̀ ni. Kí ó pa á tì lójijì, rárá.

Cow Lane wà láàárín gbùngbùn Accra, kò jìnnà sí Okaishie àti Makola, ibi tí ọjà ti kún ojú ọ̀nà débi pé ẹlẹ́sẹ̀ ní láti fẹ̀gbẹ́ kọjá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ Yorùbá ti dé àgbègbè náà. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbajúmọ̀ jù ni Braimah, Yorùbá tó ń ṣòwò màlúù àti obì, tó di olórí àwọn Mùsùlùmí àlejò ní Accra ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Lẹ́yìn tirẹ̀ ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ìnísà, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Ṣakí ń wọ́ wá sí Ghana, tí ẹ̀gbọ́n ń fa àbúrò lọ́wọ́, tí ọ̀gá ń kọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní òwò. Nígbà tí wọ́n fi ka ènìyàn ní 1960, Yorùbá tó wà ní Ghana ti lé ní 100,000.

Ètò ìfẹ̀yìntì wà nínú òwò yìí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọ tí wọ́n mú wá láti ilé á kọ́kọ́ máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á máa ru ọjà, á wá mọ iye owó, á mọ oníbàárà. Bí ọwọ́ ọmọ ṣe ń mókè ni ti àgbà ń rọlẹ̀. Òun kọ́ ni yóò lọ kó ọjà mọ́. Kò ní dúró di alẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé gbèsè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, oníbàárà àtijọ́ ṣì ń bèèrè rẹ̀ kí wọ́n tó náwó, bí ìjà bá sì bẹ́ láàárín àwọn aládùúgbò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Ìyókù àkókò rẹ̀ ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú, ìsọmọlórúkọ, mọ́ṣáláṣí tàbí ìjọ. Bó bá sì lọ sílé fún ọdún Iléyá tàbí Kérésì, ó lè ṣe oṣù méjì kó tó padà. Ọdún mẹ́wàá gbáko lè lọ lórí irú ìfẹ̀yìntì díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọ̀gá tó di bàbá arúgbó tí wọ́n kàn ń wá kí.

Ohun tí ọdún 1969 gbà lọ́wọ́ àwọn àgbà wa nìyẹn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò ní Ghana. Ọ̀pọ̀ àwọn tí àṣẹ náà kàn ti wà níbẹ̀ láti kékeré. Àwọn mìíràn tilẹ̀ bí ọmọ àti ọmọ-ọmọ síbẹ̀. Àwọn tó ń sọ ìtàn náà sábà máa ń sọ ti ọjà tí wọ́n tà lọ́pọ̀, ti gbèsè tó wà níta tí wọn kò rí gbà, ti ọkọ̀ tó kún àkúnya. Gbogbo rẹ̀ ló dunni. Ṣùgbọ́n nǹkan kan tún wà tí a kì í mẹ́nu bà: ẹni 60 ọdún tó ti ń múra láti fà sẹ́yìn lẹ́sẹẹsẹ di ẹni tí kò níṣẹ́, tí kò ní ọmọ iṣẹ́, tí kò sì ní oníbàárà tó mọ orúkọ rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ó padà sí ìlú tí ó ní ilé sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀.

Kí ni irú ìdádúró òjijì bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ènìyàn? Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti sọ díẹ̀ lórí rẹ̀. Ní London, láti 1985 ni àwọn onímọ̀ ti ń tẹ̀lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 nínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Whitehall II. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2018 fi hàn pé lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, agbára láti rántí ọ̀rọ̀ ń yára dín kù ju ti ìgbà iṣẹ́ lọ, ní nǹkan bí ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn agbára ọpọlọ yòókù tí wọ́n wọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ìfẹ̀yìntì ń pa ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ìrántí ọ̀rọ̀ kọ́ ni oníṣòwò fi ń jẹun? Iye owó, orúkọ ènìyàn, àdéhùn ẹnu.

Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ti ilé wa. Láti 2003 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ti ń ṣe ìwádìí lórí ọjọ́ ogbó láàárín àwọn tó lé ní 2,000, ẹni 65 ọdún sókè, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Nígbà tí wọ́n jábọ̀ lórí àrùn ìgbàgbé ní 2011, àìmáa-bá-ènìyàn-ṣe wà lára ohun tó ń bá àrùn náà rìn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àrùn ọ̀hún ló ti ń fa àwọn mìíràn sẹ́yìn láwùjọ kí ẹnikẹ́ni tó fura, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ fi sùúrù ka irú èsì bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìwádìí mìíràn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001, tó fi àwọn àgbà Ìbàdàn wé àwọn adúláwọ̀ ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, rí i pé ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ní àrùn náà lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, tí ti Indianapolis sì jẹ́ 3.24. Oúnjẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ náà, àwọn onímọ̀ ṣì ń wá ìyókù. Ohun tó dá mi lójú ni pé ìgbé ayé àgbà láàárín èrò, bí a ṣe mọ̀ ọ́n nílẹ̀ wa, kì í ṣe ohun tó yẹ ká fi ṣòfò.

Ìlú Tokyo ní Japan ti mọ èyí láti 1975, nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń wá iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ fún àwọn àgbà: títọ́jú ọgbà, gbígbálẹ̀, iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀. Ìjọba sọ ọ́ di òfin ní 1986. Owó ibẹ̀ kò pọ̀. Ìjáde nílé ni èrè rẹ̀.

Kí ni àgbà Cow Lane yóò wá fi ìdajì ọjọ́ tó kù ṣe? Òwúrọ̀ ni kó fi sí ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí ara ṣì tutù. Kó fi ọ̀sán sinmi. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ó kéré tán, kó ní ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀, tí wọn yóò fi pè bí kò bá yọjú: ìpàdé, àsàlátù, ilé alájọ, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń ta ayò. Àwọn ọmọ-ọmọ tó ń fi Twi àti Gã ṣeré nílò ẹni tí yóò bá wọn sọ Yorùbá lójoojúmọ́. Iṣẹ́ kan tún wà tí mo kà sí kánjúkánjú: ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1969 ti lé ní 75 báyìí. Kó sọ ohun tó rí sínú fóònù, kí ọmọ kan gbà á sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn òpópónà àti àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀.

Gbogbo èyí kò ṣeé ṣe lófo. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì Ghana ti 2008, Act 766, ẹni tó bá san owó fún oṣù 180 sí SSNIT, àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ló ní ẹ̀tọ́ sí owó oṣooṣù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìpíndọ́gba owó ọdún mẹ́ta tó gbà jù, ó sì lè dé 60. Oníṣòwò aládàáni lè wọlé tìfẹ́tìfẹ́, ṣùgbọ́n oṣù 180 jẹ́ ọdún 15. Ẹni tó bá dúró di ọmọ 50 ọdún ti pẹ́. Ní Nàìjíríà, ètò owó ìfẹ̀yìntì fún irú àwọn oníṣòwò aládàáni bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Fún ìlera, ẹni 70 ọdún sókè kì í san owó ọdọọdún fún ètò ìbánigbófò ìlera ìjọba ní Ghana. Kí ìwé tún wà lórí ṣọ́ọ̀bù: ìpín ọmọ, ìpín ìyá, ẹni tó ni ọjà àwìn. Fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ghana, òfin 2013, Act 865, ya òwò kéékèèké nínú ọjà sọ́tọ̀ fún ọmọ onílùú, nítorí náà kó bi agbẹjọ́rò kó tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tó wà lókè òkun, kí ẹ tó ní kí ìyá yín jókòó sílé, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ọjọ́ wo lọ́sẹ̀ ló fẹ́ máa lọ sí ọjà, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò máa gbé e lọ, tí yóò sì máa gbé e bọ̀.