TA NI KỌ́KỌ́RỌ́ KỌ̀ǸPÚTÀ ILÉ YÍN WÀ LỌ́WỌ́ RẸ̀?

Obìnrin tí ó mọ ilé tọ́jú kì í fi kọ́kọ́rọ́ yàrá lé gbogbo àlejò lọ́wọ́. Ó mọ ẹni tí ó lè jókòó ní pálọ̀, ó mọ ẹni tí ó lè wọ ilé ìdáná, ó sì mọ ibi tí àpótí owó wà tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ dé. Ẹ̀yin ìyàwó wa àti ẹ̀yin abiyamọ, ọgbọ́n kan náà ni a fi ń ṣe àbójútó kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ náà kò ga ju yín lọ.

Lóde òní, inú kọ̀ǹpútà ni àwòrán ìkómọ, èsì ìdánwò àwọn ọmọ, ìṣirò ọjà àti orúkọ àwọn tí ó jẹ wá lówó wà. Bí olè bá wọ ibẹ̀, kì yóò fọ́ fèrèsé, a sì lè má tètè mọ̀ pé ó wọlé. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí ẹ mọ bí a ti ń ti ilẹ̀kùn ibẹ̀.

Linux ni ètò tí ó dára jù láti fi kọ́ iṣẹ́ yìí. Ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà ni, gẹ́gẹ́ bí Windows ti jẹ́. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ni ó gbé e jáde ní ọdún 1991. A kì í sanwó kí a tó gba Debian tàbí Ubuntu, tí í ṣe méjì nínú oríṣi rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀. Orí Linux ni a kọ́ fóònù Android lé, òun náà ni ó sì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì ró. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n tọ́jú ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà láti inú ilé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Evi Nemeth, obìnrin tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Colorado ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣáájú àwọn tí ó kọ ìwé ńlá lórí àbójútó Unix, ètò àgbà tí Linux fara wé. Ọdún 1989 ni ìwé náà kọ́kọ́ jáde. Obìnrin náà sọnù sójú òkun ní ọdún 2013, ṣùgbọ́n tọkùnrin tobìnrin ṣì ń kọ́ṣẹ́ nínú ìwé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní ni ti kọ́kọ́rọ́ ńlá. Nínú gbogbo ilé Linux, ẹnì kan wà tí a ń pè ní root. Kò sí ilẹ̀kùn tí root kò lè ṣí. Bí ó bá pàṣẹ pé kí ilé wó, ilé yóò wó. Nítorí èyí, ẹ má ṣe fi orúkọ root ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ fi àṣẹ adduser ya orúkọ sọ́tọ̀ fún ara yín àti fún àwọn ọmọ. Nígbà tí iṣẹ́ kan bá béèrè agbára root, ẹ kọ sudo ṣíwájú àṣẹ náà. Kọ̀ǹpútà yóò béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé yín, yóò yá yín ní agbára náà, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ lò ó. Orúkọ àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí sudo.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti ẹni tí ó lè fọwọ́ kan nǹkan. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí ó ni ín, ó ní ẹgbẹ́ tí a yàn fún un, lẹ́yìn wọn ni gbogbo ará yòókù. Nọ́ńbà ni Linux fi ń ka ẹ̀tọ́ wọn: 4 ni kíkà, 2 ni kíkọ, 1 ni mímú kí ètò ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá kọ chmod 600 gbese.txt, nọ́ńbà 6, èyí tí í ṣe 4 àti 2, fi hàn pé ẹ̀yin lè kà á, ẹ sì lè kọ sínú rẹ̀. Òdo méjèèjì fi hàn pé kò sí ẹlòmíràn tí ó lè fọwọ́ kàn án, àfi root. Ẹ yẹra fún 777, nítorí pé ilé tí a ṣí sílẹ̀ gbayawu ni.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni dídí ihò ògiri. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àwọn tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà a máa rí ihò nínú iṣẹ́ wọn, wọn a sì máa fi àtúnṣe síta. Lórí Debian àti Ubuntu, sudo apt update ni ó ń wádìí ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, sudo apt upgrade ni ó sì ń mú un wọlé. Ẹ má ṣe fi í falẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, àtúnṣe jáde fún ètò kan tí ń jẹ́ Apache Struts. Equifax, ilé iṣẹ́ tí ń pa àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ènìyàn mọ́ ní Amẹ́ríkà, kò fi í sí ọ̀kan nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Láti oṣù karùn-ún ni àwọn olè ti ń gba ihò yẹn kó àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn tí ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 147. Oògùn ti wà nílẹ̀. A kò lò ó ni.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ni ìfojúsọ́nà. SSH ni ọ̀nà tí a ń gbà wọ kọ̀ǹpútà Linux láti òkèèrè. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ máa fi sudo journalctl -u ssh wo àwọn tí ó kan ilẹ̀kùn, nítorí pé díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, ṣàkíyèsí pé wíwọlé nípasẹ̀ SSH fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò kọ etí ikún sí i. Ó wádìí, ó sì bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnì kan ti gbẹ́ sínú ètò tí ń jẹ́ xz.

Báwo ni ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ wá kọ̀ǹpútà àlòkù. Ẹ má ṣe fi ti ọkọ yín dánwò, nítorí pé fífi Linux sínú rẹ̀ lè pa gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ rẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jókòó tì í. Ẹ kọ́ àṣẹ kan lálẹ́ kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ọ̀kan bá rú yín lójú, ẹ kọ man ṣíwájú rẹ̀, irú bíi man chmod, ẹ óò sì rí àlàyé rẹ̀ kà. Ẹ má ṣe yọjú sí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ. Ohun tí ẹ kò bá fẹ́ pàdánù, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fíláàṣì, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí ibòmíràn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ohun tí ó dà bí èdè àjèjì yóò ti di iṣẹ́ ilé bí iṣẹ́ ilé yòókù. Nígbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ óò lè dáhùn láìṣiyèméjì.